Ìlú Méje, Ọjọ́ Méjìlá: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ìrìnàjò Orílẹ̀-èdè Púpọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi gba ìsinmi ọjọ́ 12 lẹ́nu iṣẹ́, a sì fẹ́ lò ó láti rí Yúróòpù, nítorí a kò mọ ìgbà tí irú àyè bẹ́ẹ̀ tún máa yọ. Ètò tí a kọ sílẹ̀ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kí a gba Párísì, Brussels, Amsterdam, Berlin àti Prague dé Róòmù, kí a sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti wọ bàálù wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ní ó ṣeé ṣe, àwọn mìíràn ní ńṣe la kàn máa rẹ ara wa lásán. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀? A kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, a kò sì tíì wá físà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ọ̀rẹ́ yín tó ní ó ṣeé ṣe kò parọ́, nítorí ọkọ̀ ojú irin wà, bàálù sì wà, kò sí èyí tí kò ní gbé yín dé ibi tí ẹ fẹ́ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni iye wákàtí tí yóò ṣẹ́ kù fún yín láti rí àwọn ìlú náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èyí tí ẹ ó lò nínú ọkọ̀, lórí ìlà àti nídìí ẹrù kúrò. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń rọ ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó pé kó má ka ọjọ́. Òru tí yóò sùn ni kó kà, àti iye ìgbà tí yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ sí òmíràn.

Tí a bá ka ti Róòmù sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀méje ni ẹ ó ṣí kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ó kéré tán, ìṣíkiri kọ̀ọ̀kan yóò gba ààbọ̀ ọjọ́, ìyẹn sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ wá yọ ọjọ́ tí ẹ ó gúnlẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó gbéra wálé, torí ọjọ́ méjèèjì yẹn kò ṣeé gbára lé fún ohunkóhun. Ohun tó kù jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà àti ààbọ̀ fún ìlú méje. Ìlú kọ̀ọ̀kan kò rí odindi ọjọ́ kan gbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣíkiri kan yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti máa ń dàrú. Bàálù láti Prague sí Róòmù ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì lójú òfurufú, wákàtí méjì yẹn nìkan sì ni àwọn ènìyàn máa ń kọ sínú ìwé ètò wọn. Ká ní aago 11 àárọ̀ ni yóò gbéra. Ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápákọ̀ ní aago 9, ìyẹn ni pé ẹ ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, ẹ ti gbé báàgì sọ̀kalẹ̀, ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà ní nǹkan bí aago 8. Ẹ ó balẹ̀ sí Fiumicino, pápákọ̀ Róòmù, ní aago 1 ọ̀sán. Ẹ ó rin ọ̀nà tó gùn kí ẹ tó jáde, ẹ ó dúró ti ẹrù níbi tí wọ́n ti ń tú u sílẹ̀, ẹ ó wá ibi tí ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express wà, ẹ ó dúró dè é, òun náà yóò sì lo ìṣẹ́jú 32 kó tó gbé yín dé ibùdó Termini láàárín ìgboro. Kí ẹ tó ti ibẹ̀ rìn dé òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó wo pásípọ́ọ̀tù yín tán, aago 3 ti lù. Wákàtí méje ti lọ lórí ìrìnàjò wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun kankan tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bàálù kò pẹ́, ẹrù kò sọnù, òjò kò rọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin máa ń ṣeé farabalẹ̀ wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àárín ìgboro ló ti ń gbéra, àárín ìgboro náà ló sì ń já sí. Láti Párísì sí Brussels, èyí tó yára jù ń lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 22. Láti Brussels sí Amsterdam jẹ́ nǹkan bíi wákàtí méjì. Ti Amsterdam sí Berlin ló gùn, nítorí ó ń lọ sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Lọ́ńdọ̀nù sí Párísì yára pẹ̀lú, wákàtí méjì àti bíi ìṣẹ́jú 20 ni, àmọ́ ẹ má ṣe dé ibùdó St Pancras bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ inú ìlú. Níbẹ̀, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ rárá, ni àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ilẹ̀ Faransé ti ń wo pásípọ́ọ̀tù àti físà, wọ́n sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà ṣáájú àkókò ìgbéra. Ẹ fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago Párísì fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tó gbéra ní aago 9 kò ní dé kí aago ibẹ̀ tó kọjá 12. Ní tèmi, bí ọkọ̀ ojú irin bá lè gbé mi dé láàárín wákàtí mẹ́rin, n kì í wo ọ̀nà bàálù rárá.

Bí ètò yìí bá wà lọ́wọ́ mi, Róòmù àti Prague ni n ó yọ kúrò. Mo mọ̀ pé Róòmù ló máa dùn yín jù, ṣùgbọ́n òun ló jìnnà jù sí ìlà tí àwọn yòókù wà lórí rẹ̀, òun náà sì ló ń gba àkókò jù, torí ẹni tó bá fún un ní òru kan péré yóò lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí ìlà Colosseum àti ti Vatican. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìrìnàjò tirẹ̀. Prague sún mọ́ Berlin lóòótọ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi kún un, inú òru Berlin ni ẹ ó ti gé e, ìlú méjèèjì yóò sì di èyí tí ẹ kàn gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá.

Ọjọ́ 12 ní òru 11 nínú. Ẹ fún Lọ́ńdọ̀nù ní mẹ́ta, Párísì ní mẹ́rin, Amsterdam ní méjì àti Berlin ní méjì. Bí ó bá jẹ́ inú bàálù ni ẹ ó sun òru àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú ti Párísì ni kí ẹ yọ. Brussels kò ní òru, síbẹ̀ ẹ ó rí i: ní ọjọ́ tí ẹ bá ń fi Párísì sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sọ̀ sí ibùdó Midi, ẹ ti ẹrù mọ́ inú àwọn àpótí tí wọ́n ń háyà fún èrò níbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ kúkúrú lọ sí ibùdó Central, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Grand-Place, gbàgede àtijọ́ tó wà láàárín ìlú náà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ padà wá gbé ẹrù, kí ẹ wọ ọkọ̀ Amsterdam. Fún èyí, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ rà, Párísì sí Brussels lọ́tọ̀, Brussels sí Amsterdam lọ́tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń lọ tààrà ni ẹ ó bá ara yín nínú rẹ̀. Ìṣíkiri méje ti di mẹ́ta báyìí. Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni, orílẹ̀-èdè márùn-ún sì ni.

Ohun tó sì dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹ kò ní padà sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ fi àlọ-àti-àbọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yan ibi tí a ti ń kọ ju ìlú kan lọ, ẹ ó sì rí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń gbé ènìyàn wọ Lọ́ńdọ̀nù tó sì ń gbé e kúrò ní Berlin. Ó lè fi díẹ̀ wọ́n ju àlọ-àti-àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi owó tí ẹ ó fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù àti ààbọ̀ ọjọ́ tí yóò gbà yín kún òdìkejì ìṣirò yẹn kí ẹ tó ní ó wọ́n.

Ẹ ní ẹ kò tíì wá físà, inú mi sì dùn sí i, nítorí ètò ló yẹ kó ṣáájú físà. Bí pásípọ́ọ̀tù yín bá jẹ́ èyí tó ń gba físà, méjì ni ẹ ó gbà. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo ààlà kan, láti ìgbà tí Bulgaria àti Romania ti wọlé tán ní oṣù Kìíní ọdún 2025, físà kan ló sì wà fún gbogbo wọn. Ilẹ̀ Ọba kò sí nínú wọn, Ireland náà kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi fi Lọ́ńdọ̀nù sí ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní àárín Párísì àti Amsterdam ni ẹ fi í sí, ńṣe ni ẹ ó jáde kúrò nínú Schengen tí ẹ ó tún fẹ́ wọ̀ ọ́ padà, bí físà tí wọ́n fún yín bá sì jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ó ti tán lọ́jọ́ tí ẹ jáde. Èrò tó há sí Lọ́ńdọ̀nù báyìí pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì tó ti sanwó fún ní Amsterdam kò kéré.

Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sun òru tó pọ̀ jù nínú Schengen ni ẹ ó kọ̀wé sí. Nínú ètò yìí, ti Faransé ni. Bí òru bá dọ́gba, ti orílẹ̀-èdè tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, nígbà tí ẹ bá sì máa mú un wá, ó kéré tán, ó gbọdọ̀ ṣì ku ọjọ́ 15 kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn máa ń gba ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé 45. Ti Ilẹ̀ Ọba ní tirẹ̀ kò ṣeé béèrè ju oṣù mẹ́ta ṣáájú lọ, ó sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pásípọ́ọ̀tù kan kò lè wà níbi méjì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gba ti Schengen ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú, kí ẹ tó yíjú sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Pásípọ́ọ̀tù náà gbọ́dọ̀ ní ojú ewé méjì tó ṣófo, kó má tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, kó sì tún ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó jáde. Ìbánigbófò ìrìnàjò tí wọ́n ń béèrè kò gbọdọ̀ dín ní €30,000. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá sì kọ orúkọ sílẹ̀ fún kó tó di pé físà jáde, ẹ rí i dájú pé ó jẹ́ èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan owó.

Ìbéèrè: Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì tó dínwó púpọ̀. Ọ̀kan yóò gbé mi balẹ̀ sí Charles de Gaulle ní Párísì ní aago 10:40 àárọ̀, èkejì, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn, yóò gbéra láti Orly ní Párísì kan náà ní aago 1:30 ọ̀sán. Ṣé wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 50 kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó rárá. Charles de Gaulle wà ní àríwá ìlà-oòrùn Párísì, Orly wà ní gúúsù rẹ̀, gbogbo ìlú náà ló sì wà láàárín wọn. Ẹ ó kọ́kọ́ wà lórí ìlà àwọn aṣọ́bodè, lẹ́yìn náà ẹ ó dúró ti ẹrù, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá yín gbé e sọdá. Bí ẹ bá jáde ní aago 11:50, ẹ ti ṣoríire. Ìrìn láti pápákọ̀ kan sí èkejì lè gba wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù fún bàálù kejì yóò sì ti di títì ní nǹkan bí aago 12:45.

Ti aago nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ àdéhùn méjì tí kò mọ ara wọn. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Lójú tiwọn, èrò kan kàn pẹ́ dé ni, àyè rẹ̀ sì ti jóná. Ká ní orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ìrìnàjò méjèèjì wà, ojúṣe wọn ni láti wá bàálù mìíràn fún yín. Lábẹ́ òfin Yúróòpù tí a ń pè ní EC 261/2004, bí ẹ bá tún fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ gan-an, owó ìtanràn wà tó jẹ́ €250, €400 tàbí €600 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí, àyàfi tó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára wọn ló fà á, bí ìjì líle. Òfin náà kan gbogbo bàálù tó bá gbéra láti ilẹ̀ Àjọ Yúróòpù, ó sì kan ti àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù fúnra wọn tó bá ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Físà tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ti pápákọ̀ kan lọ sí òmíràn ti wọ ilẹ̀ Faransé nìyẹn, físà ìgbàkọjá inú pápákọ̀ kò sì tó fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ ìlú wọn nílò físà ìgbàkọjá yìí bí wọn kò tilẹ̀ ní jáde síta. Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lásán pàápàá gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọn.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì nítorí owó, ẹ sún èkejì sí ọjọ́ kejì, kí ẹ sùn ní Párísì. Ẹ sì máa wo lẹ́tà mẹ́ta tó ń dúró fún pápákọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbára lé orúkọ ìlú. CDG, ORY àti BVA, gbogbo wọn ni wọ́n ń tà ní orúkọ Párísì, BVA, ìyẹn Beauvais, sì jìnnà sí Párísì tó bíi kìlómítà 85. Lọ́ńdọ̀nù ní ju pápákọ̀ mẹ́rin lọ, Istanbul ní méjì tí omi Bosphorus wà láàárín wọn, Tokyo náà ní Haneda àti Narita.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní ní Párísì àti méjì ní Amsterdam, ohun tí mo sì fẹ́ rí níbẹ̀ pọ̀. Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi sínú ètò: òtẹ́ẹ̀lì ni, ọkọ̀ ni, tàbí àwọn ibi tí mo fẹ́ wò?

Ìdáhùn: Ohun tí kò ṣeé sún ni kó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ibi tí ẹ fẹ́ wò ni. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì pọ̀, bí ọ̀kan bá kún, ẹ ó rí òmíràn, ọkọ̀ ojú irin náà ń lọ léraléra lóòjọ́. Ilé Anne Frank ní Amsterdam, níbi tí ọmọbìnrin Júù náà fara pamọ́ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò rí bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì ń tú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i sílẹ̀, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tó bá rí gbà ni yóò sì pinnu bí ọjọ́ méjì Amsterdam yóò ṣe rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Nínú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Párísì, Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Musée d'Orsay kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá wà ní Párísì lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun nìkan ṣì lè rí méjèèjì, bó bá fi Louvre sí ọjọ́ Ajé tó sì fi Orsay sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá yí wọn padà, ẹnu ọ̀nà títì ni yóò bá lọ́jọ́ méjèèjì. Fún àwọn tó ń lọ sí Róòmù, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi èyí tó kẹ́yìn oṣù, tí ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́ tí èrò sì máa ń pọ̀ bí eṣú. Èmi kò ní lọ lọ́jọ́ náà bí wọ́n tilẹ̀ sanwó fún mi.

Ohun kan ṣoṣo tó ní aago lára ni kí ẹ fi sí ọjọ́ kan, òwúrọ̀ ni kó sì jẹ́ bó bá ṣeé ṣe, kí ìyókù ọjọ́ náà lè gba ohunkóhun tó bá yọjú. Ọjọ́ tí ẹ bá ń wọ ìlú, ẹ má fi ohun tí ẹ ti sanwó fún sí i rárá. Bí ìrìnàjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹwàá, ẹ tún fiyè sí aago, nítorí òru yẹn ni gbogbo Àjọ Yúróòpù àti Ilẹ̀ Ọba ń sún aago wọn, síwájú ní oṣù Kẹta, sẹ́yìn ní oṣù Kẹwàá. Fóònù yín yóò sún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ kò mọ̀.

Ìbéèrè: Ìyá mi tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún àti àwọn ọmọ mi kékeré méjì ni a jọ ń lọ. Ìyá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ju orílẹ̀-èdè kan lọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a máa gbé báàgì kiri lójoojúmọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kí Ìyá fún wa. Ìlú kan tí ẹ ó máa sùn sí, tí ẹ ó máa ti ibẹ̀ jáde lọ sí orílẹ̀-èdè kejì láàárọ̀ tí ẹ ó sì padà lálẹ́, ló bá irú ìrìnàjò yín mu jù. Vienna ní Austria dára púpọ̀ fún èyí: ọkọ̀ ojú irin ń lo nǹkan bíi wákàtí kan láti ibẹ̀ dé Bratislava, olú ìlú Slovakia, láìsí pé ẹ gbé ju báàgì ọwọ́ lọ. Copenhagen ní Denmark náà dára, nítorí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá Øresund ń gbé ènìyàn dé Malmö ní Sweden kí wákàtí kan tó pé. Ìyá yóò ti tẹ ilẹ̀ orílẹ̀-èdè méjì, orí ibùsùn kan náà ni yóò sì máa sùn. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù gbogbo yín dání bí ẹ bá ń sọdá, kódà bó bá jẹ́ fún ọ̀sán kan péré.

Òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ ibùdókọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Yúróòpù ni kò ní i. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, fún aṣọ fífọ̀ àti oorun àwọn ọmọ.

Ìbéèrè: Físà Schengen mi jẹ́ ti ìwọlé púpọ̀, ọdún kan ló sì wà fún. Mo lo ọjọ́ 60 níbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún yìí. Mo tún fẹ́ lọ fún ọjọ́ 40 láti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún. Ṣé kò sí wàhálà, nígbà tí físà mi ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Wàhálà wà. Ọjọ́ tí físà yóò parí yàtọ̀ sí iye ọjọ́ tí ẹ lè lò nínú ilẹ̀ náà, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ka ọjọ́ 180 sẹ́yìn, kí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, kí ẹ sì wo iye tí ẹ ti lò. Ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Bí ẹ bá wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 90 yín yóò pé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọjọ́ náà ni ẹ gbọ́dọ̀ jáde. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kọ ìwọlé àti ìjáde àlejò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé ẹnì kan yóò ṣi òǹtẹ̀ kà.

Bí ẹ bá lè sún ìgbéra yín sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ yí padà. 90 yín yóò pé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn ọjọ́ oṣù Kìíní yóò ti máa jábọ́ kúrò nínú ìṣirò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ti ń lo ọjọ́ tuntun kan. Ọjọ́ 40 yín yóò pé, ẹ ó sì jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Keje.